Omi Elésè Àlùkò àti Èèpo Ọ̀gànwó

Ọ̀rọ̀ kan ti gba ọjà wa kan láti ìgbà díẹ̀ wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pariwo rẹ̀ kò sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ni antioxydant. Ó wà lára ìgò àgbo ní gàráàjì, ó wà lára ọṣẹ, ó wà lára àpò ẹ̀tù tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń ké e ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ní oṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní classe de première mú irú ìgò bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì. Èèpo ọ̀gànwó ni wọ́n fi ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò náà pé a ti yẹ̀ ẹ́ wò ní laboratoire, pé antioxydant pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé ó wà fún ibà, fún àtọ̀gbẹ, fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àárẹ̀ ara. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọ náà bi mí: "Monsieur, bí laboratoire bá ti jẹ́rìí sí i, ṣé ó ṣì yẹ kí bàbá mi máa ra oògùn tí dókítà kọ fún wọn?"

Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kí bàbá rẹ̀ má ṣe fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí kò ní àlàyé kì í pẹ́ lọ́kàn ọ̀dọ́, pàápàá ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ pé kí ó máa béèrè ìdí. Nítorí náà ni a ṣe lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ èèpo yìí, òun náà ni mo sì gbé wá síwájú yín lónìí: kí ni wọ́n ń ṣe gan-an ní laboratoire nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń yẹ èèpo igi wò fún antioxydant, kí sì ni èsì rẹ̀ lè sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ igi tí à ń sọ. Ọ̀gànwó ilẹ̀ ọ̀dàn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní caïlcédrat, ni àwọn onímọ̀ ewéko fún ní orúkọ Khaya senegalensis. Gẹdú gidi ni. Bí ilẹ̀ bá gbà á, a máa ga tó mítà 30. Nígbà ìjọba amúnisìn wọ́n gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ìlú nítorí ìbòòji rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti sá oòrùn lábẹ́ rẹ̀ láì mọ orúkọ rẹ̀. Èèpo rẹ̀ rí bí eérú lóde, ó pupa nínú, ó sì korò débi pé ẹni tó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í ní kí wọ́n bu sí i. Àwọn eléwé ọmọ ń tà á fún ibà, fún inú rírun, fún aràn, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Lílò rẹ̀ ti pẹ́, kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan: láti Senegal títí dé Sudan ni wọ́n ti mọ igi yìí sí igi ìwòsàn.

Ní ti ọ̀rọ̀ antioxydant fúnra rẹ̀, ilé ìdáná ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ iṣu sílẹ̀, kí o lọ dá ẹnìkan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Kí o tó padà dé, ara iṣu náà á ti máa ṣú. Fi àdá sílẹ̀ síta lóru òjò, á dípẹtà. Epo tó pẹ́ jù nínú kèǹgbè á ní òórùn mìíràn. Iṣẹ́ oxygène inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn, oxygène kan náà tí a ń mí sínú, tí a kò sì lè wà láàyè láìsí i. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń já électron gbà lọ́wọ́ nǹkan mìíràn. Nínú ara wa pẹ̀lú, bí a ti ń mí tí oúnjẹ sì ń dà, àwọn ohun tíntìntín kan máa ń jáde tí électron wọn kan dá wà láìní ẹnìkejì. Radical libre ni a ń pè wọ́n ní kíláàsì. Èmi a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àpọ́n tí ń wá aya kiri àdúgbò ni radical libre: ilé tó bá yà sí, ìjà ni. Antioxydant wá ni ẹni tó lè yọ̀ǹda électron kan fún un kí ó lè jókòó jẹ́ẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn. (Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi ní àpèjúwe náà kò bójú mu. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jàre, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.)

Bí wọ́n ṣe ń yẹ èèpo wò rèé. Wọ́n á sá a síbi ìbòòji títí yóò fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á wọn ẹ̀tù náà, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sínú ọtí, lọ́pọ̀ ìgbà éthanol tàbí méthanol. Lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fa ọtí náà gbẹ. Ohun tó bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀, tí ó máa ń dàbí ọ̀dà pupa, ni wọ́n ń pè ní extrait. Extrait yìí ni wọ́n ń gbé lọ sídìí ìdánwò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Omi tí wọ́n ń lò fún ìdánwò náà ni mo fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ mi. DPPH ni gbogbo laboratoire ń pe èròjà inú rẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ gùn ju oríkì ọba lọ. Goldschmidt àti Renn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Jámánì ní 1922. Ní 1958 ni Blois kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé a lè fi í wọn agbára antioxydant. Radical libre ni DPPH, ṣùgbọ́n àpọ́n onísùúrù ni: ó lè dúró nínú ìgò láì bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò tó jìn. Bí a bá kán ohun tó ní électron láti yọ̀ǹda sí i, àwọ̀ náà á máa ṣá títí yóò fi di àwọ̀ ìyeyè. Wọ́n á gbé àdàlù náà sínú òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀, spectrophotomètre, wo iye àwọ̀ tó kù ní 517 nanomètre. Ìwọ̀n extrait tó lè pa ìdajì DPPH náà rẹ́ ni a ń pè ní CI50. Bí CI50 bá ṣe kéré tó ni agbára ṣe pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń ka èyí sódì. Vitamine C ni wọ́n sábà máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún àfiwé.

Ìdánwò kejì tó máa ń tẹ̀lé e ni ti Folin àti Ciocalteu. Òun ni ó ń di àwọ̀ búlúù nígbà tó bá pàdé àwọn èròjà tí a ń pè ní phénol. Ìdílé phénol ni tannin wà, tannin ni ó sì ń mú kí èèpo igi máa fún ẹnu pọ̀. Igi ń fi í dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àti olú. Ìdí nìyí tó fi ṣọ̀wọ́n kí èèpo tó pupa nínú, tó sì ń fún ẹnu pọ̀, kùnà nínú omi elésè àlùkò. Ọ̀gànwó kì í kùnà. Ẹni tó kọ ọ́ sára ìgò kò purọ́. Ṣùgbọ́n èèpo máńgòrò náà kì í kùnà, ewé tíì kì í kùnà, ìṣápá tí a fi ń ṣe bissap kì í kùnà, kò sì sí ẹni tí ń kiri tíì nínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn àtọ̀gbẹ.

A kò ní spectrophotomètre ní ilé-ìwé wa, DPPH sì wọ́n. Ohun tí a ní ni ògì, ọsàn wẹ́wẹ́, ìṣó àti iode tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. A po ògì díẹ̀ mọ́ omi gbígbóná púpọ̀ títí omi náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara, a jẹ́ kí ó tutù, a sì kán iode ẹ̀kán kan sí i. Lójú ẹsẹ̀ ó di aró. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kán ohun tirẹ̀ sí i, tí wọ́n ń ka ẹ̀kán. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa aró náà rẹ́ kíákíá. Omi tíì pa á rẹ́. Omi ọ̀gànwó tí a ti là dáadáa, kí pupa rẹ̀ má bàa dí wa lójú, pa á rẹ́ pẹ̀lú. Omi iyọ̀ kò ràn án, omi ṣúgà kò ràn án. Ẹ̀yin olùkọ́ PCT tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ má gbàgbé láti fi omi lásán ṣe ọ̀kan, kí àwọn ọmọ lè rí i pé kì í ṣe pípọ̀ omi ni ó ń ṣá àwọ̀.

Ìdánwò tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù. A ti rẹ ìṣó tó dípẹtà sínú vinaigre fún ọjọ́ mẹ́ta. A wá kán omi ìṣó yìí sínú omi èèpo ọ̀gànwó tó pupa bíi tíì. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ fi dúdú bíi tàdáwà. Tannin inú èèpo ló di irin mú. Ọ̀nà tó jọ èyí ni àwọn ará Yúróòpù gbà ń ṣe tàdáwà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, òun ni wọ́n sì fi kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé wọn àtijọ́.

Ọmọbìnrin kan tẹjú mọ́ ife náà, ó ní: "Bí ó bá lè di irin mú báyìí nínú ife, ṣé kò ní di irin inú oúnjẹ mú nínú ikùn?" Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń ta àgbo ẹ̀jẹ̀ gbọ́ ìbéèrè ọmọ yìí. Irin inú oúnjẹ ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti mọ̀ pé tíì tí a bá mu pọ̀ mọ́ oúnjẹ ń dín irin tí ara ń rí gbà nínú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà kù, nítorí tannin àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹ wá wo ọmọdé tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ funfun, tí ìyá rẹ̀ ń fún ní ife àgbo èèpo láàárọ̀ lóru pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ̀jẹ̀ lè padà. Ẹ wo aboyún. Mi ò sọ pé kò sí ohun rere kankan nínú èèpo náà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé agbára kan náà tó mú un borí nínú omi elésè àlùkò ni agbára tí ó fi ń di irin mú. Ìgò náà sọ apá kan, kò sọ èkejì.

Ní báyìí, a lè padà sí ọ̀rọ̀ extrait. Méthanol tí ọ̀pọ̀ laboratoire fi ń fa èròjà èèpo jáde, májèlé ni. Ẹni tó bá mu ún lè fọ́jú, ó sì lè kú. Kò sí ìyá àgbà tí ń fi í ṣe àgbo. Omi ni wọ́n fi ń se é, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú sódábì. Ohun tí omi gbígbóná ń fà jáde nínú èèpo yàtọ̀ sí ohun tí sódábì ń fà jáde, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ohun tí méthanol ń fà jáde. Nọ́ńbà tí wọ́n rí nínú ìgò méthanol kì í ṣe nọ́ńbà ìkòkò wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ní a ti yẹ nǹkan òun wò, ẹ bi í pé: inú kí ni wọ́n rẹ ẹ́ sí?

Ara ènìyàn náà kì í sì í ṣe ife. Púpọ̀ nínú tannin tóbi jù láti gba inú ìfun kọjá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn phénol kéékèèké tó bá kọjá, ẹ̀dọ̀ á sọ wọ́n di nǹkan mìíràn, ìtọ̀ á sì kó púpọ̀ nínú wọn jáde láìpẹ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀ka ìjọba wọn tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbé àtẹ kan jáde tí ó to oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí agbára antioxydant wọn nínú ìdánwò kan tí ń jẹ́ ORAC. Ní 2012 wọ́n yọ àtẹ náà kúrò: wọ́n ní àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sọ ohun tí oúnjẹ ń ṣe nínú ara, àti pé àwọn oníṣòwò ń lò wọ́n ní ìlòkulò fún ìpolówó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Finland tún wúwo ju ìyẹn lọ. Bêta-carotène jẹ́ antioxydant. Òun náà wà lára ohun tó ń fún epo pupa wa ní àwọ̀. Àwọn dókítà rò pé ó lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n sì ṣe ìwádìí lórí ọkùnrin amusìgá 29,133: wọ́n fún àwọn kan ní hóró oògùn tí bêta-carotène wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní èyí tí kò ní in. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi nǹkan bí 18 nínú 100 pọ̀ láàárín àwọn tó gba bêta-carotène ju àwọn yòókù lọ. Ìwádìí tó jọ ọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá a dúró ní 1996 kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí irú èsì kan náà. Ẹ má tìtorí èyí sá fún epo pupa; hóró oògùn àti ẹ̀dọ̀fóró amusìgá ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí ọ̀nà ṣe jìn tó láti inú ife ìdánwò dé orí àkéte aláìsàn.

Ibì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò sí ẹni tí ń sọ ọ́ lọ́jà. Kí ni àwọn bàbá wa ń wá nínú èèpo ọ̀gànwó nígbà tí ibà bá dé? Ìkorò rẹ̀ ni. Ìkorò náà kò ti ọ̀dọ̀ tannin wá. Ọ̀dọ̀ àwọn èròjà mìíràn tí ń jẹ́ limonoïde ni ó ti wá, ìbátan ohun tó mú kí dóńgóyárò korò, àti kóró ọsàn pẹ̀lú. Limonoïde kò ní électron púpọ̀ láti yọ̀ǹda. Bí a bá kán an sínú DPPH, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Èyí já sí pé ìdánwò tí wọ́n fi ń polówó èèpo náà kò yẹ ohun tí àwọn àgbà ń tìtorí rẹ̀ lò ó wò rárá. Wọ́n wọn ohun kan, wọ́n ń ta òmíràn.

Àwọn Faransé ti rìn ní ọ̀nà ìkorò yìí rí. Ní 1820, Pelletier àti Caventou fa kíníìnì jáde ní Paris láti inú èèpo quinquina tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Èèpo igi ni, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀gànwó. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ èròjà kan ṣoṣo sọ́tọ̀, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, àwọn dókítà sì lè wọn ìwọ̀n tí wọ́n ń fún aláìsàn. Lẹ́yìn èyí ni ojú yí sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n pe caïlcédrat ní quinquina ti Senegal nítorí pé òun náà korò tí wọ́n sì ń lò ó fún ibà, Eugène Caventou, ọmọ Caventou àkọ́kọ́, sì yẹ èèpo náà wò. Ó rí ohun tó ń korò nínú rẹ̀. Kò rí kíníìnì. Ìkorò kan kò jọ ìkorò mìíràn, ahọ́n nìkan ni ó ń pè wọ́n ní orúkọ kan náà.

Ẹ tún wo Tu Youyou ní Ṣáínà, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí artémisinine, oògùn ibà. Nígbà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń se ewé náà, agbára rẹ̀ kò dúró. Ó padà lọ ka ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan tí Ge Hong kọ, ó sì ṣàkíyèsí pé níbẹ̀, inú omi ni wọ́n ń rẹ ewé náà sí tí wọ́n sì ń fún un, wọn kì í sè é. Ó yé e pé iná lè máa pa oògùn náà. Ó yí ọ̀nà padà, ó lo ohun tí ń hó láìgba iná púpọ̀, ó sì rí ohun tó ń wá.

Nítorí ìtàn yìí ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi pé kí wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà kí wọ́n tó mú èèpo lọ sí laboratoire. Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ irú nǹkan báwọ̀nyí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Ewé jáde ní 1995. Ẹni tó bá ṣí i á rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kí ewé kan dá ṣe oògùn: ewé ń bá èèpo rìn, èèpo ń bá èso rìn, ọ̀rọ̀ ẹnu ń bá gbogbo wọn rìn. Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan, bí àwọn àgbà ti máa ń wí. Kí ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ ọ̀gànwó? Wọ́n ń sè é ni, àbí wọ́n ń rẹ ẹ́? Fún ọjọ́ mélòó? Ta ni kò gbọdọ̀ mu ún? Laboratoire tó bá fo àwọn ìbéèrè yìí dá, nǹkan mìíràn ni ó ń yẹ̀ wò, bí ẹ̀rọ rẹ̀ tilẹ̀ gbówó lórí tó.

Mi ò sì fara mọ́ àwọn oníṣègùn tí ń sọ pé ohun tí bàbá àwọn fi sílẹ̀ kò gba òṣùwọ̀n. Àwọn ìwádìí kan tí wọ́n fi eku ṣe ti fi hàn pé extrait èèpo ọ̀gànwó, bí ó bá pọ̀ tí ó sì pẹ́, lè yí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín padà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń lo hóró oògùn, tó sì tún ń mu èèpo korokoro lábẹ́lẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, dókítà kò sì ní mọ ibi tó ti wá. Bí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ mi bá fẹ́ràn àgbo wọn, kí wọ́n gbé ìgò náà dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ rí dókítà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ìgò náà kò sọ, ìyẹn ibi tí èèpo ti wá. Apá inú èèpo igi ni oúnjẹ ń gbà láti ọ̀dọ̀ ewé sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Ẹni tó bá bó èèpo yí igi po bí ìgbànú ti pa gbòǹgbò rẹ̀ lébi. Igi náà lè máa yọ ewé fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú. Ẹni tó bá bó pẹlẹbẹ kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò gé e wọ inú igi, ń fún un láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ìṣègùn mọ èyí. Àwọn tí ń kó àpò èèpo fún àwọn oníìgò kì í sábà ní sùúrù rẹ̀. Orou Gaoue, onímọ̀ ọmọ Benin, àti Tamara Ticktin tẹ ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí bí wọ́n ṣe ń gé ewé ọ̀gànwó fún màlúù tí wọ́n sì ń bó èèpo rẹ̀ fún oògùn ní orílẹ̀-èdè wa, àti ohun tí èyí ń ṣe sí iye àwọn igi kéékèèké tó yẹ kí ó rọ́pò àwọn àgbà igi.

Ní oṣù kọkànlá 2022, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fohùn ṣọ̀kan láti fi gbogbo ẹ̀yà ọ̀gànwó Áfíríkà sí àtẹ kejì àdéhùn náà, ìpinnu náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì 2023. Láti ìgbà náà, gẹdú rẹ̀ àti pákó rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Èèpo kò sí lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ níbẹ̀.